Ọjọ́ Tí Ìjì Bá Wa Ṣí Ilé Ìwòsàn

Ọjọ́ tí a ṣí ilé ìwòsàn abúlé wa, nítòsí Lánlátẹ̀, kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Ìjọba ti kọ́ ọ̀kan fún wa rí. Nígbà tí atẹ́gùn ṣí i lórí, a ní ìjọba á wá tún un ṣe, ni ewúrẹ́ bá sọ ọ́ di ilé. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ọ̀wẹ̀ la fi kọ́ ọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló mọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ wá.

Bí a ti ń gbàdúrà lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìjì dé. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Mo figbe ta! Bàbá mi ju okùn sórí òrùlé, tọmọdé tàgbà sì rọ̀ mọ́ okùn náà títí ìjì fi rọlẹ̀.

"Kò lọ!" ni ìyá mi ń pariwo, ó ń jó.

Nígbà tí a délé, òrùlé tiwa ti wà nínú oko ẹ̀gẹ́. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Ilé ìwòsàn náà la padà lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé tuntun rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, Bàbá Ṣadé. Kí ló ń ṣe yín?"

"Òrùlé ni."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.