Ìyá Tó Mọ Ìgbà Tí Iná Yóò Padà

Fáànù inú pálọ̀ ìyá náà kò tíì dúró tán tí iná fi padà dé. Òjò ń lu páànù lórí wa, gbogbo Kabawa, àdúgbò wa, ń rùn bí ẹja gbígbẹ tí omi ta sí, àwa ọmọ inú ọgbà sì jókòó sórí ẹní, à ń bá a ṣa ẹ̀wà. Bí iná ṣe lọ, ìyá náà gbé ìka kan sókè, ó ní, "Ẹ dákẹ́." Ká tó mí, fáànù ti tún ń sáré. Ó sọ ìka rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀ka igi ni. Ó ti já bọ́."

Kò jáde síta, kò yọjú lójú fèrèsé. A wo ara wa lójú.

Ìyá yìí kì í ṣe ẹbí wa. Ọmọ Ìyàgbà ni, ó ń gbé yàrá méjì tó kọjú sí tiwa, "Okun o" ló sì fi ń kí gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ Nupe, ìbáà jẹ́ Ebira. Kó tó fẹ̀yìn tì, ibi tí wọ́n ti ń pín iná fún ìlú ló ti ṣiṣẹ́, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọkùnrin. Inú ọrùn ọwọ́ ló máa ń kọ ojú aago rẹ̀ sí, kí gíláàsì rẹ̀ má baà fara gbá nǹkan. Bó ń lọ aṣọ ni o, bó ń bó ẹ̀gúsí ni o, etí rẹ̀ kan wà lára iná. Ó máa ń gbọ́ bí tiransifọ́mà àdúgbò ṣe ń kùn, á sì sọ fún wa pé, "Ẹrù ti pọ̀ jù fún un lónìí."

Ọjọ́ òjò yẹn ló ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lórí okùn iná tó wá sọ́dọ̀ wa, rílè ni wọ́n ń pè é. Bí nǹkan bá kan wáyà, tí iná ń gba ibi tí kò yẹ lọ, rílè á mọ̀, á sì mú kí bírékà já iná náà lójú ẹsẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó ń kan wáyà kì í dúró síbẹ̀," ó wí. "Ẹ̀ka igi á kàn án, á já bọ́. Afẹ́fẹ́ á gbá wáyà méjì pọ̀, wọ́n á tún yà. Ṣé torí ìyẹn ni kí ènìyàn ṣe máa wa mọ́tò láti ìkángun ìlú wá tan iná? Rílè á dúró díẹ̀, á dá iná padà fúnra rẹ̀, á wò ó. Bí nǹkan náà bá ti kúrò, iná dúró nìyẹn. Bí kò bá kúrò, á tún já a. Tiwa níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dán an wò. Àkọ́kọ́ máa ń yá kánkán, èkejì á pẹ́ díẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, á ti ara rẹ̀ pa, ó di ìgbà tí ènìyàn bá lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ó máa ń rí ohun tó kan wáyà ni?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Kò lójú. Igi ni o, ènìyàn ni o, kò mọ ìyàtọ̀."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mò ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́sàn-án. Òjò òwúrọ̀ ti sọ òpópónà wa di ẹrẹ̀, ìjì mìíràn sì tún ń bọ̀ láti òkè Patí. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ẹ̀ka dongoyárò ńlá kan ya, tó fa wáyà iná já sí àárín ọ̀nà. Iná ta yanran. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dákẹ́. Kíá, ó tún ké, wáyà náà tún tàn, gbogbo rẹ̀ sì tún dákẹ́.

Wáyà wá sùn sínú omi jẹ́ẹ́ bí okùn ìsáṣọ. Ilé ni mo fẹ́ lọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kí n lè fò ó kọjá nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá náà láti òdìkejì.

"Dúró síbẹ̀!"

N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi kàn mọ́lẹ̀.

Ó jáde láìwé gèlè, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Ọlọ́kadà kan ti dúró lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ara ọmọ náà ń gbóná fòfò, ọsibítù ni wọ́n ń lọ. Ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣẹ́ igi tútù kan, ó fẹ́ fi gbé wáyà kúrò lọ́nà. Ìyá náà bọ́ síwájú rẹ̀.

"Mama, comot! Light no dey again!"

"Ọmọ mi, ó ń bọ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"You dey craze? Pikin wan die!"

Ìyá náà di ẹ̀wù rẹ̀ mú láyà. Ọkùnrin náà ń tì í, ó ń bú u, ó ní arúgbó ìkà ni. Obìnrin tó pọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ ká kọjá." Bọ́tìnnì ẹ̀wù já méjì. Ìyá náà kò fi í sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta ké. Wáyà fò dìde nínú omi, ó ń tu iná aláwọ̀ búlúù, omi inú kòtò hó, òórùn jíjó gba gbogbo afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Ọlọ́kadà jókòó sínú ẹrẹ̀. Igi ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà kò tilẹ̀ wò ó. Ó ti ń fi èdè Nupe pe aládùúgbò wa kan tó ń ta ẹja, ó ní kó mú ìyá ọmọ gba ẹ̀yìn ilé, létí odò, bọ́ sí ọ̀nà kejì, kó wá ọ̀kadà mìíràn fún un. Ó fa fóònù yọ nídìí ìró, ó pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. "Ẹ má fọwọ́ dá iná tiwa padà o! Wáyà wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀." Òjò dé bá a níbẹ̀. Ó dúró nínú rẹ̀, ó jìnnà sí wáyà, ó ń dá gbogbo ẹni tó ń bọ̀ padà, títí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fi dé.

Ọlọ́kadà náà wá lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọgbà. Ẹ̀wù kan náà ló wọ̀, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyá náà ní kó bọ́ ọ, ó mú abẹ́rẹ́, ó ran bọ́tìnnì méjì míì sí i.

Nígbà tó lọ tán, mo bi í bóyá èébú yẹn dùn ún.

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè tó fi ń bú mi." Ó ká òwú mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Ọmọ yẹn ni mi ò lè sùn nítorí ẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n tó wá sọ fún mi pé ara rẹ̀ ti balẹ̀."

"Ká ní ó kú ńkọ́, Màmá?"

Ó gún abẹ́rẹ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀. "Màá ṣì di ẹ̀wù yẹn mú. Màá sì máa sunkún ọmọ náà títí màá fi kú."

Ìyá náà ti dolóògbé. Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí ní ọsibítù kan ní Felele, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í dá ẹni tí ara ń kán dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, tí yóò máa pè mí ní ìkà lójú gbogbo ènìyàn. N kì í bú wọn padà. Mo máa ń dúró ti ohun tí mo mọ̀, ọkàn mi a sì máa gbọ̀n nítorí wọn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú kì í gbọ̀n. Mo ti wá mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tó fi di ẹ̀wù yẹn mú, ìyá náà ń gbọ̀n.