Ààlè Ìjọba Lóko Àbúrò Mi

Bàbá wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún ìjọba ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ìlúpéjú, pé kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn. Ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba dúpẹ́, wọ́n sì gbàgbé. Àṣà wa ni pé ìdílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ lè máa gbin ohun jíjẹ sí i títí ìjọba yóò fi dé. Iṣu ni o, kì í ṣe kòkó. Àbúrò mi obìnrin ló ń dáko níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn fẹ́ gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì, kí àwọn tà á. Iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n ri ọ̀pá gígùn mọ́ àárín ebè, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè máa rí i lókèèrè, wọ́n sì lọ. Àbúrò mi kò sí lóko lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì ló sáré tọ̀ mí wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ̀! Ìjọba ti bá mi ri ọ̀pá sí ìdí uṣu! Wọ́n tún so ààlè mọ́ ọn kí olè má bàa wa á!"

Lóòótọ́, ládùúgbò wa, ẹni tó bá rí aṣọ pupa lórí ọ̀pá lóko mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo ṣàlàyé létòlétò, bí mo ti máa ń ṣe ní kíláàsì, pé ọ̀pá ààlà ni, pé wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ náà, àti pé katapílà lè dé kí iṣu tó gbó.

"Ta ló ń so ààlè mọ́ ohun tó fẹ́ tà?"

"Kì í ṣe ààlè."

"Aṣọ pupa ńkọ́?"

Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sùn lọ.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, àbúrò mi kò sì ní so ààlè fúnra rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n ó ní èyí tí ìjọba bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Nítorí pé ọ̀pá wọn kò kárí oko, ó gé tirẹ̀ kún un, ó ya aṣọ akọrin rẹ̀ àtijọ́ tó pupa, ó sì so ó mọ́ gbogbo wọn.

Nígbà tí ọ̀gá òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yóò fi mú oníbàárà méjì àti katapílà dé, ìtàkùn iṣu ti bo ọ̀pá. Pupa níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún. Oníbàárà kìíní ní orí pulọ́ọ̀tì òun ni òun dúró sí. Èkejì ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí tòun. Ọ̀gá yíjú sí àbúrò mi, tí èmi àti òun jọ dúró lẹ́bàá ebè.

"Ìyá, èwo ni ọ̀pá tiwa níbí?"

"Ọmọ mi, èmi àtẹ̀yin la jọ ni gbogbo rẹ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ so aṣọ mọ́ ọn?"

"Ta ló ní kẹ́yin so tiyín?"

Awakọ̀ katapílà, ọmọ Ìsàn, pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun kì í tẹ ààlè mọ́lẹ̀, kí ọ̀gá wá wà á fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wo katapílà, ó wo aṣọ pupa, kò gun nǹkan kan. Mo là á yé wọn pé aṣọ akọrin lásán ni.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," ni awakọ̀ náà wí. "Akọrin tó fi aṣọ rẹ̀ sóko, ó ní ohun tó rí."

Ni ọ̀gá bá ní àwọn yóò padà wá wọn ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí iṣu bá ti kúrò.

Iṣu náà gbó, àbúrò mi sì wa á tán. Ó di èyí tó tóbi jù nínú wọn lẹ́rù, ó ní kí n gbé e fún ọ̀gá náà, nítorí pé ó bá òun ṣiṣẹ́ oko. Mo gbé e lọ. Ọ̀gá gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ní kí n sọ fún ìyá pé títà ni wọn yóò ta ilẹ̀ náà dandan. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀.

Àbúrò mi gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, uṣu ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó tóbi lójú rẹ̀?"