Àgbàdo Ojúde Bàbá Mi

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kan erùpẹ̀ Sabon Gari ní Kano, tí òórùn rẹ̀ wọlé wá bá mi, bàbá mi ni mo máa ń rántí. Télọ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mò ń ka ìwé ilé-ìwé mi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì rẹ̀: bí àwọn àgbẹ̀ ìlú Òyìnbó ṣe rí ẹ̀rọ tó ń gbin ọkà láyé ọjọ́un, tí ẹnì kan wá ń ṣe iṣẹ́ ogún èèyàn.

Bàbá mi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. "Àwọn tó kù ńkọ́? Ibo ni wọ́n lọ?"

Mo yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn. "Baba, ba su rubuta ba." Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó bu àgbàdo ògì màmá mi, ó bọ́ sójúde, ó fi gìgísẹ̀ gbẹ́ ihò, ó ju hóró mẹ́ta sí i, ó fẹsẹ̀ bò ó.

"Báyìí la ṣe ń gbìn ín nílé."

Ó ń gbìn ín lọ títí dé ẹnu géètì. Màmá mi ń pariwo, òun ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé katakata, ẹ̀rọ ìtúlẹ̀, tó wọ oko bàbá rẹ̀ ló lé e dé Kano.

Mẹ́rin péré ló hù nínú àgbàdo náà, lẹ́nu géètì. Ó fi igi yí wọn ká, títí wọ́n fi gbó ni gbogbo ẹni tó gbé aṣọ wá rán ń fẹ̀gbẹ́ wọlé.