Àwọn Tó Kó Aṣọ Màmá Lọ

Ìyá àgbà kan, ará Póláńdì, ni mò ń tọ́jú ní South Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Màmá ni mo ń pè é.

Ní gbogbo Sátidé, obìnrin kan láti ẹgbẹ́ àwọn ará Póláńdì ní Woolwich máa ń wá kí i. Bí mo bá ti wọlé, á dákẹ́. Bí mo bá jáde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ èdè wọn wúyẹ́wúyẹ́. Ara mi ò gbà á. Nígbà tó yá, obìnrin náà ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó kó gbogbo aṣọ oníṣẹ́-ọnà inú rẹ̀ sínú báàgì, ó sì mú ìlẹ̀kẹ̀ Màmá aláwọ̀ oyin mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó kó o?"

"Ti ẹgbẹ́ ni," ló ní, ó sì pajú dé.

Ẹgbẹ́ wo ló ń palẹ̀ ẹrù ẹni mọ́ lójú ẹni báyìí? Mo pe ọ̀gá mi níléeṣẹ́ tó rán mi wá tọ́jú Màmá. Ó ní kí n máa ṣọ́ wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màmá ní kí n fi àga onítáyà ti òun lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ni mo bá níbẹ̀, tí wọ́n ń rọra pe èdè àwọn òbí wọn bí ẹni ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin jó wọlé, aṣọ Màmá lọ́rùn wọn. Màmá ń bá wọn kọrin, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo wo ọrùn àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá lọ bá obìnrin yẹn.

"Ìlẹ̀kẹ̀ Màmá dà?"

Ó ní, "Ó wà nílé mi. Nítorí yín ni mo ṣe gbé e kúrò. Wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú àgbà máa ń mú nǹkan."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. "Èmi náà ti fẹjọ́ yín sun ọ̀gá mi," ni mo fi dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì ó dá ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níṣojú mi láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ lọ sílé, ojú rẹ̀ á ṣì lọ sí báàgì mi. Èmi náà ò yé wo tirẹ̀.