Àdúrà Tí Ìyá Mi Gbà fún Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, kí ẹ tó lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, nítorí àsọdùn ni tiwọn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, níwájú ilé wa gan-an, ẹ mọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mò ń pè ní Bàbá. Òun la fi ń tẹ̀wé, òun la fi ń jẹun. Ooru máa ń mú un, ni mo ṣe yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i nínú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Mọ́mì Onísùkúù, tó ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òjé, gbé ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ ẹ̀ fún mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, inú Bàbá nìkan ló wà, ó ku ká gbé e jáde sórí pépà. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò. Wọ́n ti kìlọ̀ pé bí mo bá já àwọn kulẹ̀, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé lódìkejì títì làwọn ń gbé iṣẹ́ àwọn lọ. Iṣẹ́ iléèwé yẹn ló sì ń gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró!

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo tan Bàbá. Ó ké pí-ín! Ojú ẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tò: òun ò mọ ọjọ́, òun ò mọ aago, kí n tẹ F1. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún ní òun ń wá fúlọ́pì, dísíìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ tí wọ́n máa ń kì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Fúlọ́pì! Ta ló rí fúlọ́pì gbẹ̀yìn nílẹ̀ Ìbàdàn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní BIOS. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jí, bí ìyálé tó ń jí gbogbo agboolé: ṣé kíbọ́ọ̀dù wà? Ṣé mẹ́mórì wà? Háàdì dísíìkì tí gbogbo iṣẹ́ wà nínú ẹ̀ dà, kó wá máa báṣẹ́ lọ? Nínú ti àtijọ́, bátìrì róbótó kan, pẹlẹbẹ bí owó wẹ́wẹ́, ni kì í jẹ́ kó gbàgbé aago àti ètò tí a ṣe fún un nígbà tí kò bá síná.

Mo wọ inú BIOS, mo tún aago ṣe, mo fi háàdì dísíìkì hàn án. Bàbá jí! Ni wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí wọ́n mú un dé, Bàbá ti gbàgbé gbogbo ẹ̀, fúlọ́pì ló tún ń bèèrè. Bí iná ṣe ń ṣe ségesège nìyẹn. Kí n tó tẹ ewé kan jáde, ó ti lọ, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bátìrì kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tuntun síbẹ̀ ni. Mo yọjú wò ó, ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń dán. Mo wá gbà pé màdábọ́ọ̀dù, pátákó tó so gbogbo inú ẹ̀ pọ̀, ló kú.

Mọ́mì Onísùkúù ti dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi gèlè fẹ́ra. Ìyá mi gbọ́ igbe mi, wọ́n jáde. Ìyá àdúrà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wa. Wọ́n ti wọ sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú àbẹ́là lọ́wọ́. Àbẹ́là oníbátìrì ni o! Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun lẹ́yìn tí èyí tí wọ́n ń ṣáná sí fẹ́ẹ̀ jó kọ́tìnì. Wọ́n gbé e lé orí Bàbá.

"Ẹ̀mí ìgbàgbé tó ń bá ohun èlò ọmọ mi jà, jáde!"

Mọ́mì Onísùkúù ń ṣe àmín. Àwọn tó ń lọ sí Mápó dúró, àwọn náà ń ṣe àmín. Èmi náà ń ṣe é, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àfi bí mo ṣe wo àbẹ́là yìí. Ó ń tàn yòò. Ṣebí ó ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá? Mo dá àdúrà dúró, mo bi ìyá mi pé níbo ni wọ́n ti ra bátìrì.

"Kín ni mo fẹ́ ra bátìrì sí? Ọ̀kan ń bẹ níkùn kọ̀ǹpútà ẹ níbẹ̀, kò jọ pé ó ń ṣe nǹkan kan. Mo mú un, mo fi èyí tó ti kú síbẹ̀, kí ojú ẹ̀ má baà ṣófo."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Bátìrì Bàbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà fún Bàbá!

Mo yọ ọ́, àbẹ́là kú mọ́ àmín lẹ́nu. Mo dá a padà sínú Bàbá, mo tún ètò ẹ̀ tò. Iná tún lọ, ó tún dé, Bàbá jí tààrà, kò bèèrè fúlọ́pì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ìdánwò ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi! Ìyá mi bú sí ijó, wọ́n ní àdúrà ti gbà. Mo ní bátìrì ni. Mọ́mì Onísùkúù ní kí n má ṣe ya aláìmoore.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín bá ń gbàgbé ọjọ́, ẹ má sáré ní màdábọ́ọ̀dù ti kú. Ẹ yẹ bátìrì ẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì yẹ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé wò. Mo ti de ìdérí Bàbá padà, ooru ìbáà mú un! Kí ni kọ̀ǹpútà ti fi ojú tiyín náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa fi rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí, Mọ́mì Onísùkúù gbé kọ̀ǹpútà iléèwé wọn tí kò tàn mọ́ wá. Mo dìde láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ní ìyá mi làwọn wá bá.