Ọjọ́ Tí Bísí Tún Lanu Sọ̀rọ̀

Fùláwà ṣì kún ọwọ́ mi nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Monrovia ni mo wà, mò ń po búrẹ́dì tí mo fẹ́ tà lọ́jọ́ náà. Bísí ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ ti ṣáájú wa lọ sí Atlanta, ó ń wá bí a ó ṣe wá bá òun. N ò dúró kó nǹkan kan. Mo pọn ọmọ, mo tẹ̀ lé àwọn tó ń sá.

Mámà Kou, aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Liberia, ló mú wa gba inú igbó. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ò lè mọ irú ebi yẹn. Pákí tútù la jẹ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà, a ń gé ọ̀pẹ kéékèèké lulẹ̀, a ń jẹ inú rẹ̀. Òjò ń pa wá. Ìbọn ò sinmi.

Àwọn ọlọ́tẹ̀ dí ojú ọ̀nà, wọ́n ń wá ọmọ Nàìjíríà, torí pé sójà ilẹ̀ wa wà lára àwọn tó ń bá wọn jà. Mo mọ̀ pé bí Bísí bá lanu, Yorùbá ló máa jáde.

Mo sọ fún un létí pé, "Ohun yòówù kí wọ́n ṣe fún mi, má sọ̀rọ̀ o."

Ọ̀kan nínú wọn di etí ọmọ náà mú. "Kí lorúkọ ẹ?"

Mámà Kou bọ́ síwájú. "Ọmọ mi rèé, ọmọ-ọmọ mi nìyẹn. Odi ni."

Ọkùnrin náà fa etí ọ̀hún títí omijé fi bọ́ lójú Bísí. Kò pariwo. Wọ́n ní ká máa lọ.

Nígbà tí a dé èbúté, mo ní, "Bísí, ó tó, sọ̀rọ̀." Kò sọ. Mámà Kou ò bá wa wọkọ̀. Màmá náà ní àwọn fẹ́ lọ wá ọmọkùnrin àwọn. N ò gbúròó wọn mọ́ títí dòní. Ọkọ̀ gbé wa dé Ghana, Bísí ò sọ̀rọ̀. A dé Atlanta, bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń ki oríkì rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ kàn ń wò ó ni. Àwọn tíṣà rẹ̀ ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta níbi tí à ń gbé, gbìyànjú títí, kò sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń tòògbé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ìró kan bẹ́ lókè wa: ta-ta-ta-ta! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wọ́ Bísí wọ abẹ́ tábìlì, mo fi ara bò ó. Ó yọ́ kúrò lábẹ́ mi, ó lọ wo ìta lójú fèrèsé, ó padà wá di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, ẹ dìde. Káfíńtà ni wọ́n. Wọ́n ń kan òrùlé."

Ohùn rẹ̀ há. Mo ní kó tún un wí. Ó tún un wí! Mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo ń jó láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n gbé síta. Mo bu ìrẹsì fún gbogbo àwọn káfíńtà náà. Ọ̀kan jẹ tirẹ̀ tán lórí àkàbà, ó tún na abọ́ sí mi. Mo pe bàbá Bísí níbi iṣẹ́ ní Fairburn, mo gbé fóònù fún ọmọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Dádì."

Ó wakọ̀ délé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ni Bísí lónìí. Àwọn tí ogun lé wá síbí máa ń béèrè rẹ̀, torí ó máa ń jókòó tì wọ́n, á sì bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sunday, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ a kún ilé wa ní Loganville, wọn a rojọ́ títí orí á fi fẹ́ fọ́ mi. N kì í ní kí wọ́n dákẹ́.

Bí wọ́n bá lọ tán, ilé a pa rọ́rọ́. Nígbà ogun, irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí òun ló ń ṣáájú ìbọn. Ní báyìí, mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, mo máa ń na ẹsẹ̀ mi, oorun a sì gbé mi lọ.