Gíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Pupa

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, ọyẹ́ bo títì Ìrókò débi pé bí lọ́rì bá ń bọ̀ láti Fìdítì, ìró rẹ̀ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́. Yóò pẹ́ kí iná rẹ̀ tó yọ, bí ojú ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Inú kùrukùru yìí ni Hezekiah mẹkáníìkì máa ń dúró sí láàárọ̀, tí yóò máa fi etí sọ irú gíà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí kò tíì rí. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà rẹ̀ ní ẹ̀bùn ẹ̀mí ni. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbọ́ ìró irin láti ogún ọdún wá kò nílò áńgẹ́lì kó tó dá a mọ̀.

Ohun kan ló ń dun Hezekiah: kò gba fírídọ̀mù, àdúrà tí ọ̀gá fi ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún méjìlá sẹ́yìn, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Lìádì ní Akínyẹlé, lọ́rì oníṣu kan a máa rì sínú ẹrẹ̀ ṣáá. Táyà ẹ̀yìn kan a máa yí lásán, èkejì a dúró. Hezekiah kò bi ọ̀gá léèrè. Ó fi iná jó àwọn gíà kéékèèké inú áàsù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì, pọ̀, kí táyà méjèèjì lè máa jọ yí. Lọ́rì náà jáde nínú ẹrẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé kọ́nà, níbi tó yẹ kí táyà òde sáré ju ti inú lọ, áàsù kán, iṣu sì fọ́n ká oko olóko. Kò sẹ́ni tó kú. Bàbá Lìádì ní kó máa lọ, kò sì gbàdúrà lé e lórí.

Hezekiah lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Ìrókò, iṣẹ́ sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò tú sílẹ̀ kò lè tú ẹlòmíràn sílẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn mẹkáníìkì, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Ní báyìí, ojú Bàbá Lìádì ti fọ́, wọ́n sì ní lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò kó lọ sọ́dọ̀ Mùjíbátù, ọmọ rẹ̀, ní Ìsẹ́yìn. Kò ní padà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Ọláníran, ọ̀dọ́mọkùnrin awọnlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, gbé ọkọ̀ pupa kékeré kan wá, aláìlórùlé, tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ lè yọjú wo inú rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ náà ń ké bí ọmọ jòjòló.

"Bùrọ̀dá Hezekiah, ẹ bá mi tún un ṣe. Mo sì fẹ́ kí táyà rẹ̀ máa rú èéfín bí mo bá tẹná. Èéfín o!"

"Ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ ni, àbí ààrò?"

Hezekiah tú àpótí irin tó wà láàrin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gíà kékeré ní eyín mẹ́wàá, ńlá ní mẹ́tàlélógójì: ọ̀pá tó ti ẹ́ńjìnnì wá ní láti yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó rí òmíràn lára ọkọ̀ àlòkù kan, eyín mẹ́jọ sí mọ́kànlélógójì. Èyí yóò yí ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ. Eré yóò dín, agbára yóò pọ̀, bí arúgbó tó ń fi ìgbésẹ̀ kúkúrú ru igi gun òkè.

"Ẹ kúkú jó àwọn kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀," ni Ọláníran wí. "Bí táyà kan ṣoṣo bá ń rú èéfín, àwọn ènìyàn á fi mí ṣẹ̀sín."

Hezekiah ń nu gíà náà lọ. Ó ti pinnu pé iṣẹ́ yìí lòun yóò gbé lọ bá ọ̀gá òun. Ó lálàá pé òun wa ọkọ̀ pupa náà wọ inú kùrukùru, tí táyà méjèèjì ń tú èéfín funfun bíi aṣọ àdúrà, tí Bàbá Lìádì sì ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó jí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró pẹ́ pẹ̀lú iná ìjórin lọ́wọ́. Ọ̀gá kò ríran. Ariwo táyà méjì yóò sì dùn létí ju ti ọ̀kan lọ. Ó pa iná náà. Ó de gíà eyín mẹ́jọ náà mọ́ àyè rẹ̀, ó sì de àpótí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, òun àti Ọláníran gbé ọkọ̀ dé Akínyẹlé. Fàtímọ̀, ìyàwó Bàbá Lìádì, fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

"Bàbá Mùjíbátù, Hezekiah yín rè é o. Ó gbé páálí ìṣáná pupa kan dání."

"Hezekiah wo? Oníṣu?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni, ọ̀gá. Mo ní kí ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi kí ẹ tó lọ. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbàdúrà fún mi."

"Etí náà ló kù. Ó yá."

Hezekiah tẹná títí ẹ́ńjìnnì fi ń ké, ó sì ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà ọ̀tún han gooro, ó ń yí lójú kan. Èéfín dìde, ó wọ inú ọyẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé pòórá, ènìyàn pòórá; ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà rọ̀ sójú òfuurufú. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣí, ìlà dúdú kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀dà.

"Ẹsẹ̀ kan ló fi ń jó!" ni àgbẹ̀ kan kígbe. Ọláníran gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá Lìádì ní kí Fàtímọ̀ mú òun dé ìdí ọkọ̀. Ó fọwọ́ kan táyà òsì. Ó tutù bí ìdí àmù. Ó fọwọ́ kan ti ọ̀tún, ó yára fà á padà.

"O mọ̀ pé bí o bá jó wọn pọ̀, méjèèjì ì bá gbóná?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n kọ́nà ń bẹ níwájú."

 Bàbá arúgbó náà ní kí wọ́n gbé òun jókòó sínú ọkọ̀. Hezekiah rọra wà á dé kọ́nà ìpẹ̀kun ìlú. Bàbá Lìádì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí irin ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀, ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe yà: kò ké, kò gbọ̀n.

"Dúró. Bọ́lẹ̀."

Hezekiah kúnlẹ̀ sínú koríko gbígbẹ. Bàbá Lìádì wá orí rẹ̀ kàn, ó ṣàdúà ní Lárúbáwá, ó tún un ṣe ní Yorùbá: kí irin má dà á, kí ọwọ́ rẹ̀ má pa ènìyàn, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá tú sílẹ̀ mọ iṣẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìdánudúró, Hezekiah ń ké "Halelúyà!"

"Àmín náà tó," ni Bàbá Lìádì wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dìde, ọ̀gá."